Ta ni Yóò Túmọ̀ Káàdì Aláboyún?

Mo mọ̀ pé lọ́dọọdún tí ìwé ẹgbẹ́ wa bá jáde, ohun tí ojú wa máa ń wá nínú rẹ̀ ni oríkì, àròfọ̀, àlọ́, àti àríyànjiyàn lórí àkọtọ́ tí kò tán bọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tèmi lọ́dún yìí yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni: ẹ̀jẹ̀ ìyá tí kò bá ti ọmọ inú rẹ̀ mu, àti àyẹ̀wò tí a fi lè mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ọmọ tó dé. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá nínú èyí, kí ó ní sùúrù fún mi. Èmi gan-an kò mọ̀ pé ó kàn mí, àfi ìgbà tí wọ́n fún wa ní iṣẹ́ àṣetiléwá lórí orúkọ àbíkú.

Gbogbo wa la mọ àwọn orúkọ náà: Málọmọ́, Dúrójayé, Kòsọ́kọ́, Bánjókòó, Rótìmí, Igbókọ̀yí. Olùkọ́ wa ní kí oníkálukú lọ sí ilé rẹ̀, kí ó wádìí ẹni tó ń jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ nínú ẹbí, kí ó sì béèrè ìdí rẹ̀. Bí mo ti ń béèrè ni mo ṣàkíyèsí ohun kan tí n kò rò tẹ́lẹ̀. Ọmọ tó kú kọ́ ló ń jẹ́ orúkọ àbíkú; ọmọ tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ni. Àwọn tó kú, pàápàá àwọn tó lọ kí ọjọ́ kẹjọ tó pé, wọn kò tilẹ̀ dúró gba orúkọ. Ìyá wa àgbà ní àbúrò kan tó bí ọmọ 6. Nígbà tí wọ́n ń kà wọ́n fún mi lórí ìka, ọmọ 2 péré ni wọ́n dárúkọ, àkọ́bí àti àbíkẹ́yìn. Dúrójayé ni àbíkẹ́yìn ń jẹ́. Àwọn 4 tó wà láàárín, ohun tí wọ́n fi dá wọn mọ̀ nìyí: “èyí tó lo ọjọ́ 3,” “èyí tí ojú rẹ̀ pọ́n,” “èyí tí ara rẹ̀ wú,” “èyí tí kò ké.” Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí olùkọ́, wọ́n fún mi ní máàkì tó dára. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀.

Kò parí. Nígbà ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bí ọmọ wọn kejì, ọkùnrin. Èyí àkọ́bí, obìnrin, ti ń lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi nígbà náà, kò sì sí ohun tó ṣe é rí ju ikọ́ lọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ojú ọmọ tuntun yìí àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti pọ́n bí ìyeyè. Àwọn àgbà obìnrin ilé ní ibà pọ́njú ni, kí a máa gbé e sí oòrùn àárọ̀, kí a máa fún un ní omi gúlúkóòsì. A ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta kò fẹ́ mu ọmú mọ́. Ní ọjọ́ kẹrin ó kú. Ìyá ọkọ wọn kò sọ ọ̀rọ̀ burúkú o, ṣùgbọ́n wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí dọ́gbọ́n sọ ọ́ pé kí a má jẹ́ kí èyí di ohun tí yóò máa lọ tí yóò máa bọ̀, kí a tètè lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀.

Èmi ni mo tú báàgì tí ẹ̀gbọ́n mi gbé lọ síbi ìbímọ. Nínú rẹ̀ ni káàdì aláboyún wọn wà. Ní ojú ibi tí a ń kọ irú ẹ̀jẹ̀ sí, wọ́n kọ B Neg, wọ́n sì fi bírò pupa fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó fa ìlà yẹn mọ ohun tó rí. Ẹ̀gbọ́n mi kò mọ̀ ọ́n. Mo bi wọ́n léèrè, wọ́n ní àwọn náà rí ìlà pupa, àwọn sì béèrè. Èsì tí nọ́ọ̀sì fún wọn ni pé, “Ẹ̀jẹ̀ yín ṣọ̀wọ́n ni, mà. Ẹ ṣáà máa tọ́jú ara yín.”

Mo ní ọ̀rẹ́ kan nínú ọgbà yìí tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò dá mi lóhùn lẹ́sẹ̀ kan náà. Ó mú mi lọ sí yàrá àyẹ̀wò wọn, ó fi abẹ́rẹ́ gún mi níka, ó kán ẹ̀jẹ̀ mi sí ojú 3 lórí àwo pẹrẹsẹ funfun kan. Ó kán omi ìdánwò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ti A, ti B, ti D, ó rò ó, ó sì ń mi àwo náà jẹ́ẹ́jẹ́. Ojú méjì àkọ́kọ́ ń ṣàn geere. Ojú kẹta ṣù jọ wóró-wóró bí gààrí tí omi kò tó. “O Pos ni ìwọ,” ni ó wí. Gbogbo rẹ̀ kò gbà wá ju ìṣẹ́jú 5 lọ. Ìmọ̀ tí Karl Landsteiner gbé jáde ní Vienna ní 1901 ni èyí tó jẹ mọ́ A, B àti O. Ti D dé lẹ́yìn, ní 1940, nígbà tí òun àti Alexander Wiener kọ nípa rẹ̀. Orúkọ ọ̀bọ kan tí wọ́n fi ṣe ìwádìí náà ni wọ́n fi sọ ọ́, ìdí nìyí tí a fi ń rí Rh lórí káàdì. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé àyẹ̀wò tó rọrùn báyìí ni wọ́n ṣe fún ẹ̀gbọ́n mi, àbájáde rẹ̀ sì wà nínú báàgì wọn láti oṣù kẹrin oyún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ó ti yé mi, ní èdè wa. Àmì wà lára ẹ̀jẹ̀ pupa bí ilà ti wà lójú ènìyàn. Ọ̀kan nínú àwọn àmì náà ni D. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní in ni wọ́n ń kọ Pos fún. Ẹni tí kò ní in, Neg. N óò máa pè wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ tó kọlà àti ẹ̀jẹ̀ tí kò kọlà, títí tí ẹni tó mọ̀ jù mí lọ yóò fi fún wa ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju ìyẹn lọ. Láàárín àwọn òyìnbó ilẹ̀ Yúróòpù, nǹkan bí ènìyàn 15 nínú 100 ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò kọlà. Láàárín tiwa, nǹkan bí 5 ni.

Kò sí aburú kankan nínú kí ẹ̀jẹ̀ ènìyàn má kọlà. Ibi tí ọ̀ràn ti ń bẹ̀rẹ̀ ni kí ìyá má kọlà, kí bàbá kọlà, kí ọmọ sì gbé ilà bàbá. Nínú oyún, ẹ̀jẹ̀ ìyá àti ti ọmọ kì í dà pọ̀ ní gbangba, nítorí ibi ọmọ wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n nígbà ìbímọ, díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ a máa já wọ inú ti ìyá. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ara ìyá yóò rí àlejò tó kọ ilà tí wọn kò mọ̀ rí, wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí rọ ohun ìjà tó bá ilà náà mu. Kí wọ́n tó rọ ọ́ tán, ọmọ àkọ́kọ́ ti wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Òun bọ́. Ohun ìjà kò lọ ní tirẹ̀. Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, ó ń dúró de ọmọ mìíràn tí yóò gbé ilà bàbá wá. Oyún tó wálẹ̀ náà lè fà á, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ tó kọlà tí wọ́n ṣèèṣì fà sí ìyá lára. Ibi ọmọ kì í dá ohun ìjà yìí dúró. Yóò kọjá, yóò sì máa fọ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ tó ń fọ́ náà ló ń di ohun pípọ́n tí à ń rí lójú ọmọ. Bí ó bá pọ̀ jù, a máa gun ọpọlọ, ọmọ tí kò bá sì kú lè di adití, tàbí kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ má gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Bí ó bá le ju ìyẹn lọ, ara ọmọ yóò wú láti inú oyún, kò sì ní ké.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ padà wo àwọn ọmọ 4 tí ìyá wa àgbà kà lórí ìka. N kò sọ pé gbogbo àbíkú ni èyí o. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde wà níbẹ̀, ibà wà níbẹ̀, ohun púpọ̀ mìíràn sì wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ àbúrò ìyá wa àgbà wò, n kò sì lè dá ẹjọ́ òkú. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni n kò ti lè ka orúkọ àbíkú bí ẹni ń ka ewì mọ́.

Àyẹ̀wò kejì ni èyí tí wọn kò ṣe fún ẹ̀gbọ́n mi. Robin Coombs pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ 2, Mourant àti Race, ló gbé e jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1945. Wọn yóò fa ẹ̀jẹ̀ aláboyún, wọn yóò jẹ́ kí ó dì, omi tó bá tòrò sórí rẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́, nítorí inú rẹ̀ ni ohun ìjà ń gbé. Wọn yóò da omi náà mọ́ ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn tó kọlà, wọn yóò gbé e sínú ìgbóná tó dọ́gba pẹ̀lú ti ara ènìyàn, 37°C. Bí ohun ìjà bá wà, yóò lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ojú kò lè rí i. Wọn yóò fọ ẹ̀jẹ̀ náà léraléra, wọn yóò wá kán omi Coombs sí i, òun ni yóò so gbogbo èyí tí ohun ìjà ti lẹ̀ mọ́ pọ̀. Bí ó bá ṣù, ohun ìjà ń bẹ. Kí wọ́n lè mọ bí ó ti pọ̀ tó, wọn yóò bu omi là á ní ìlọ́po 2, 4, 8, 16, 32, wọn yóò máa wo ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Aláboyún tí tirẹ̀ bá ṣì ń ṣù ní 16 tàbí 32, dókítà kì í fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeré. Ní àwọn ilẹ̀ òkèèrè kan, wọ́n tilẹ̀ ti kọjá ibẹ̀: láti ìgbà tí Dennis Lo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn ní 1997 pé a lè rí ohun àjogúnbá ọmọ inú nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ìyá nìkan wò láti mọ̀ bóyá ọmọ inú rẹ̀ kọlà.

Ohun tó dùn mí jù ni abẹ́rẹ́ anti-D. Láti 1968 ni wọ́n ti fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà. Bí ìyá tí kò kọlà bá bí ọmọ tó kọlà, tí wọ́n sì fún un ní abẹ́rẹ́ yìí kí wákàtí 72 tó pé, yóò palẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tó já wọ inú rẹ̀ mọ́ kí àwọn ẹ̀ṣọ́ tó rí i. Ní ibi púpọ̀, wọ́n tún ń fún un ní ọ̀sẹ̀ 28 oyún. Ṣùgbọ́n bí àwọn ẹ̀ṣọ́ bá ti rọ ohun ìjà tán, kò wúlò mọ́ fún iṣẹ́ yìí. Lẹ́yìn ìbí ọmọ àkọ́kọ́ ló yẹ kí ẹ̀gbọ́n mi ti gbà á. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà láyé.

Ṣé n kò ní sọ ti àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ O? Nǹkan bí ìdajì àwa Yorùbá ni. Bí ìyá bá jẹ́ O, tí ọmọ jẹ́ A tàbí B, ìjà lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àní lórí àkọ́bí, nítorí ohun ìjà A àti B ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni O kí ó tó lóyún. Èyí kì í sábà le tó ti D, abẹ́rẹ́ kankan kò sì sí fún ìdènà rẹ̀. Kí n má purọ́, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ìyá kò lè sọ dáadáa èyí tí yóò le àti èyí tí kò ní le. Ọmọ gan-an ni a óò máa ṣọ́: kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ìdodo rẹ̀ wò, bí ojú rẹ̀ bá sì pọ́n kí wákàtí 24 àkọ́kọ́ tó pé, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e gbà, níbi tí iná aláwọ̀ aró wà, kì í ṣe oòrùn ẹ̀yìnkùlé. Níwọ̀n bí mo ti wà lórí ibà pọ́njú, ẹ bá mi bẹ àwọn ìyá wa kí wọ́n yé fi kánfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ tuntun. Nǹkan bí ọkùnrin 1 nínú 5 láàárín wa ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò lè gba òórùn yẹn, ìyẹn sì tún jẹ́ ọ̀ràn mìíràn pátápátá.

Mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn ènìyàn kan nínú ọgbà wa, èsì tí mo gbà kò dọ́gba. Ọkùnrin kan nínú ilé ìgbé wa ní òun dúpẹ́ pé mo la òun lójú, pé bí òun ti ń béèrè AA àti AS lọ́wọ́ obìnrin, òun yóò máa béèrè Pos àti Neg náà, ẹni tó bá jẹ́ Neg kí ó máa bá tirẹ̀ lọ. Orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fò lọ. Bí AS bá fẹ́ AS, kò sí abẹ́rẹ́ tí ìyá lè gbà lẹ́yìn ìbímọ kí ọmọ tí ń bọ̀ má baà jẹ́ SS. Ti D kò rí bẹ́ẹ̀. Obìnrin tí kò kọlà lè bí iye ọmọ tó wù ú fún ọkùnrin tó kọlà, bí wọ́n bá ṣáà ti ń ṣe àyẹ̀wò tí wọ́n sì ń fún un ní abẹ́rẹ́ lákòókò. Ẹni tó bá fi èyí kọ ọmọ ènìyàn sílẹ̀ kò gbọ́ nǹkan tí mo sọ.

Ẹlòmíràn ní owó abẹ́rẹ́ náà ń kọ́? Òótọ́ ni, kò pọ́ọ́kú, kì í sì í wà ní gbogbo ilé ìwòsàn. Inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni wọ́n ti ń mú un jáde, lára àwọn tó ní ohun ìjà náà nínú ara wọn tí wọ́n sì ń yọ̀ǹda rẹ̀. James Harrison ará Ọsirélíà, tó kú ní 2025, fi tirẹ̀ sílẹ̀ ní ìgbà 1,173 láàárín 1954 àti 2018. A kò lè retí kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí bí panadó. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́sàn-án ni oyún ń lò. Ẹbí tó lè dá owó aṣọ jọ fún ìsọmọlórúkọ lè dá owó abẹ́rẹ́ jọ, bí wọ́n bá mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n dá a. Ẹ̀gbọ́n mi ra léèsì fún ìkómọ ọmọ yẹn. Ó ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀.

Bí wọ́n bá mọ̀. Ibẹ̀ ni ó ti kàn wá. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀, tòun ti sáyẹ́ǹsì. Ní 1984, apá kìíní Èdè-Ìperí Yorùbá jáde, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ni olóòtú rẹ̀. Lónìí, èmi àti ẹ̀yin lè fi Yorùbá jiyàn lórí fóníìmù àti mófíìmù láti àárọ̀ di alẹ́. Ta ló jókòó wá ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì yóò sọ fún aláboyún tí káàdì rẹ̀ jẹ́ Neg? Nọ́ọ̀sì tó sọ pé ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ṣọ̀wọ́n kò purọ́. Mo rò pé ohun tí wọ́n mọ̀ pọ̀ ju ohun tí wọ́n lè sọ lọ, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ, èrò sì pọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Orin ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ aláboyún: orin ọmú ìyá, orin abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹ̀gbọ́n mi mọ gbogbo wọn lórí. N kò tíì gbọ́ ọ̀kan tó kọ́ ìyá láti béèrè pé, “Ẹ̀jẹ̀ mi kọlà àbí kò kọlà, ti ọkọ mi ńkọ́?”

Olùkọ́ wa kan tí mo fi èyí hàn kìlọ̀ fún mi pé ewu ń bẹ nínú kí akẹ́kọ̀ọ́ èdè máa túmọ̀ ohun tí kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀, pé “ohun ìjà” àti “ilà” lè dẹ́rù ba aláboyún ju kí ó là á lóye lọ. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wa pé kí wọ́n pe àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, ti nọ́ọ̀sì àti ti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kí a jókòó papọ̀ kí ọdún ẹ̀kọ́ yìí tó parí, kí àwọn wí, kí àwa wá ọ̀rọ̀, kí àwọn tún yẹ̀ ẹ́ wò. Ojú ìwé kan péré, àti orin kan. Bí wọ́n bá ní “ilà” kò dára, kí a wá òmíràn.

Ẹ̀gbọ́n mi ti tún lóyún. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò Coombs fún wọn, ó ṣù títí dé 8. Dókítà ní nítorí pé wọ́n ti pàdánù ọmọ rí, àwọn kò ní gbé ara lé nọ́ńbà yẹn nìkan, àwọn yóò tún máa fi ẹ̀rọ wo bí ẹ̀jẹ̀ ti ń sáré sí nínú orí ọmọ. Wọ́n tún ní kí ọkọ wọn wá, nítorí ilà bàbá lè jẹ́ méjì tàbí ẹyọ kan, bí ó bá sì jẹ́ ẹyọ kan, ọmọ lè má gbé e rárá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin ni wọn yóò máa fa ẹ̀jẹ̀ wọn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ń bọ̀ ni èyí tó kàn, wọ́n sì ní kí n bá àwọn lọ, kí n máa bi dókítà ní ohun tí kò bá yé àwọn. Mo ti tọrọ àyè lọ́wọ́ olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní fonọ́lọ́jì.